Kí Òwú Tó Wọ Òfì

"Ẹni tí kò gbé ọmọ pọ̀n rí, kí ló mọ̀ nípa ìyá?"

Ohùn Jùmọ̀kẹ́ ló jáde látinú fóònù yẹn, ó sì jáde ketekete, nítorí Àrínọlá ti gbé fóònù náà sí ẹ̀gbẹ́ òfì, ó yí i sókè kó lè máa gbọ́ ohun tí àwọn èèyàn ń sọ bó ṣe ń hunṣọ lọ. Àwọn ahunṣọ márààrún tó wà lábẹ́ àtíbàbà náà gbọ́ ọ. Kò sẹ́ni tó wojú ẹnì kejì. Ọ̀kọ̀, igi kékeré tó máa ń gbé òwú gba àárín aṣọ kọjá, dúró lọ́wọ́ Àrínọlá fún ìṣẹ́jú kan, lẹ́yìn náà ó tún jù ú, bí ẹni pé kò sóhun tó ṣẹlẹ̀. Irọ́ ni. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún wọ eegun. Ọdún kẹsàn-án rèé tó ti wọlé ọkọ, gbogbo ẹni tó mọ̀ ọ́n n'Ísẹ́yìn ló sì mọ̀ pé kò tíì bí.

Ìtàn ló fa gbogbo rẹ̀. Ní ọdún méjì sẹ́yìn, wọ́n ṣàdédé dá eré kan dúró lórí rédíò. Ojúlé Mẹ́jọ lorúkọ eré náà. Ibi tí Débọ́lá, ẹni tí eré náà dá lé, ti fìbínú jáde nílé ìyá rẹ̀ ni wọ́n bá a dé, wọn ò sì padà wá sọ bó ṣe parí. Àwọn èèyàn kùn, wọ́n sì gbàgbé. Àrínọlá ni kò rí i gbàgbé. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi fóònù kọ ìyókù rẹ̀ fúnra rẹ̀, ó ń fi í ránṣẹ́ sínú ẹgbẹ́ kan lórí Wọ́sáàpù ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ tí wọ́n bá ti kírun tán. Ohun tó máa ń kọ sókè rẹ̀ ni pé òun kọ́ lòun dá àwọn èèyàn inú rẹ̀ sílẹ̀, òun kàn ń bá wọn rìn lọ ni. Èèyàn mọ́kànlá ló kọ́kọ́ ń kà á. Wọ́n ti lé ní irinwó báyìí, tòun ti àwọn ará Ṣakí àti Ìgbòho.

Àwọn òǹkàwé kì í dákẹ́, ó sì dùn mọ́ ọn níbẹ̀rẹ̀. Nígbà tó fẹ́ ìyàwó fún Débọ́lá, wọ́n ní ọmọbìnrin náà ò dáa tó, ló bá lé e lọ. Nígbà tí ọ̀kadà kán ẹnì kan lẹ́sẹ̀ nínú ìtàn náà, wọ́n bẹ̀bẹ̀ fún un, nígbà tó máa di Jímọ̀ kejì, ọkùnrin náà ti ń fẹsẹ̀ méjèèjì rìn lọ sọ́jà. Òun náà mọ̀ pé eegun kì í tètè jinná bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìtàn ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá dá ìyá Débọ́lá dùbúlẹ̀ àìsàn, ẹni tó bá sì lójú inú ti rí ibi tó ń lọ. Láti àárọ̀ Àlàmísì yìí ni wọ́n ti ń fohùn ránṣẹ́: kò gbọ́dọ̀ kú. Àwọn kan bẹ̀ ẹ́. Àwọn kan halẹ̀ mọ́ ọn. Ìgbà yẹn ni Jùmọ̀kẹ́ sọ tiẹ̀. Jùmọ̀kẹ́ ìyá Ọpẹ́ kì í ṣe àlejò o. Òun ni télọ̀ tó máa ń bá wọn rán aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n bá hun pọ̀ di odindi. Kò pẹ́ tó fi pa ọ̀rọ̀ náà rẹ́, ṣùgbọ́n ẹyin lohùn, ó ti balẹ̀.

Bàbá Kàdírì, ẹni tó kọ́ Àrínọlá níṣẹ́, ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Àrínọlá, bí oníbàárà bá wá síbí, ìgbà wo la máa ń gbọ́rọ̀ lẹ́nu ẹ̀?"

"Kí òwú tó wọ òfì ni, Bàbá."

"Tó bá ti wọ òfì ńkọ́?"

"A ò ní dá a lóhùn mọ́, àfi tí aṣọ bá parí."

"Ìwọ wá jókòó, o jẹ́ kí gbogbo ayé máa bá ẹ ju ọ̀kọ̀."

Àrínọlá gbọ́, ṣùgbọ́n ìbínú ti mú un kọjá ibi tí bàbá fẹ́ kó dé. Ó mú fóònù, ó yí ẹgbẹ́ náà padà kó fi jẹ́ pé òun nìkan ló lè sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ìka kan ṣoṣo ló fi pa irinwó èèyàn lẹ́nu mọ́. Ó rò pé ọkàn òun á balẹ̀, kò sì balẹ̀. Ó ń ju ọ̀kọ̀ kíkankíkan títí ilẹ̀ fi fẹ́ ṣú, ó hun aṣọ náà tán, ó ní kí ọlọ́kadà gbé e lọ fún Jùmọ̀kẹ́ pẹ̀lú àwọn tó kù. Kò tiẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò.

Láàárọ̀ Jímọ̀, Jùmọ̀kẹ́ pè é. Kò kí i, kò sì bẹ̀ ẹ́. Ó ní ọ̀kan nínú àwọn aṣọ náà ò bá ìyókù mu, kó wá wò ó. Ó ṣe Àrínọlá bíi kó má lọ. Ṣùgbọ́n aṣọ ìyàwó kan ní Ìléro ni, ọjọ́ Àìkú ni wọ́n sì máa lò ó. Ọmọ ọlọ́mọ kò mọ nǹkan kan nípa ìjà wọn.

Jùmọ̀kẹ́ kì í ránṣọ ní ṣọ́ọ̀bù mọ́, ilé ló gbé máṣíìnì wá. Ó ti tẹ́ aṣọ mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ sórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ọnà ara wọn ṣe déédéé, àfi ti ìkeje, tó fi ìbú ìka méjì ga ju ti àwọn yòókù lọ.

"Àná lo hun èyí," ni Jùmọ̀kẹ́ wí. Kì í ṣe ìbéèrè.

"Ẹ sọ ohun tí kò yẹ kẹ́ ẹ sọ sí mi, Ìyá Ọpẹ́."

"Mo mọ̀." Kò gbójú kúrò lára aṣọ. "Ṣùgbọ́n o fẹ́ pa ìyá Débọ́lá."

"Ìtàn ni."

"Ìtàn ni lọ́dọ̀ tìẹ. Tèmi wà nínú yàrá yẹn."

Ibẹ̀ ni Àrínọlá ti gbọ́ ohun tí kò mọ̀. Láti ìgbà ààwẹ̀ ni ìyá Jùmọ̀kẹ́ ti wà lórí ibùsùn. Gbogbo Jímọ̀ ni Jùmọ̀kẹ́ ń ka ìtàn náà sí i létí, ìtàn náà nìkan ló kù tó ń mú ìyá rẹ́rìn-ín. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, nígbà tó ka ìtàn débi tí ìyá Débọ́lá ò ti lè mumi mọ́, ẹ̀rù bà á, ló bá fi tẹnu ara rẹ̀ parí i. Ó ní ara ìyá náà yá, ó dìde, ó sì lọ sóko.

"Ìwọ ń bá rédíò parí ìtàn," ni Jùmọ̀kẹ́ wí, "èmi náà wá ń bá ẹ parí tìẹ."

Ohùn kan pè látinú yàrá pé ta ló wà níta. Jùmọ̀kẹ́ dáhùn pé ẹni tó ń kọ ìtàn Débọ́lá ni. Ohùn náà ní kó wọlé.

Ìyá àgbà náà ti rù, tẹ̀sùbáà wà lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ṣì mú. Àrínọlá kúnlẹ̀, ó kí i.

"Ọmọ mi ò mọ irọ́ pa," ni ìyá wí. "Ẹni tí ò lè gbé omi mì, ló ní ó lọ sóko. N ò wí nǹkan kan. Àánú ẹ̀ ló ṣe mí." Ó mí díẹ̀. "Ṣé ó máa kú?"

Jùmọ̀kẹ́ ti dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń mi orí sí Àrínọlá, ó ń bẹ̀ ẹ́. Kó ṣáà ti sọ pé rárá, gbogbo ilé náà á sì tutù. Àrínọlá ti ṣe irú rẹ̀ fún irinwó èèyàn rí. Ó gbójú sókè wo ìyá.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá. Ó ti pẹ́ tí mo ti mọ̀."

Ìlẹ̀kẹ̀ tẹ̀sùbáà mélòó kan kọjá lọ́wọ́ ìyá.

"Ó dáa. Débọ́lá ńkọ́? Ṣé á dé kó tó lọ?"

"Mi ò tíì kọ ibẹ̀, mà."

"Òwú ò tíì wọ òfì nìyẹn. Ahunṣọ lọkọ mi, mo mọ òfin yín." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Tí mo bá lẹ́nu ọ̀rọ̀, jẹ́ kó dé. Kó má sọ̀rọ̀ púpọ̀, kó ṣáà jókòó tì í. Kẹ́nikẹ́ni má sì parọ́ fún obìnrin náà pé ara ẹ̀ á yá. Ó ń dá nìkan wà níbi tí wọ́n ti ń parọ́ fún un."

Jùmọ̀kẹ́ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbi tó wà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún.

Nígbà tí Àrínọlá ń lọ, Jùmọ̀kẹ́ sìn ín dé ojú títì, ó ní kó foríji òun. Àrínọlá ní òun ti gbọ́, ṣùgbọ́n ó ṣì ń dun òun. Ó gbé aṣọ keje dání kó lè lọ hun òmíràn.

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, ó jókòó sídìí òfì, ó sì kọ ìtàn náà. Ó jẹ́ kí Débọ́lá dé. Ó tún ṣí ẹgbẹ́ náà padà, ó sì kọ ọ́ sókè pé: "Ẹ lè sọ̀rọ̀. Ẹ sọ ohun tẹ́ ẹ bá fẹ́ nípa èyí tí mo ti kọ tán àti èyí tí mi ò tíì kọ. Èyí tó bá wà lọ́wọ́ mi, èmi nìkan ló ni ín. Ẹni tó bá tún kúrò nínú ìtàn, tó bọ́ sínú ilé ọkọ mi, á jáde níbí." Ó fi í ránṣẹ́.

Fún bíi wákàtí kan, kò sẹ́ni tó fọhùn nínú irinwó èèyàn náà. Lẹ́yìn náà, ohùn kan wọlé láti ọ̀dọ̀ Jùmọ̀kẹ́, fún Àrínọlá nìkan. Kò yí i sókè. Ó gbé fóònù sétí.

Jùmọ̀kẹ́ ló ń ka ìtàn náà fún ìyá rẹ̀. Ó ń kà á bó ṣe wà gẹ́lẹ́, kò fo ọ̀rọ̀ kankan. Nígbà tó débi tí Débọ́lá ti wọlé, tó fa àpótí sún mọ́ ibùsùn ìyá rẹ̀, ohùn Jùmọ̀kẹ́ gbọ̀n, ó sì dánu dúró. Àrínọlá rò pé ó ti parí nìyẹn, kó tó gbọ́ ohùn àgbàlagbà kan lábẹ́lẹ̀.

"Kà á lọ."