Ṣùkú Lábẹ́ Àṣíborí

Kí Olúwafimíhàn tó gun ẹṣin rárá ni ìyá rẹ̀ ti mọ irú irun tí yóò fi gùn ún. Ṣùkú ni. Ṣùkú gíga tó dúró ṣónṣó láàárín orí. Rebecca ni orúkọ ìyá náà, onídìrí ni ní Abúlé Òkúta, àwọn oníbàárà rẹ̀ sì ti ń dín kù láti ìgbà tí àwọn ọmọge ti ń dé wíìgì. Ó ti rí i lọ́kàn ara rẹ̀: ọmọ òun yóò jókòó lórí ẹṣin, òun yóò ya fọ́tò rẹ̀, òun yóò gbé e sójú WhatsApp, gbogbo Bàrígà yóò sì máa béèrè pé ta ló dirun yìí.

Ọ̀gbẹ́ni Ikúmápàyí, tó ń sin ẹṣin lórí iyanrìn létí ọ̀sà ní Bàrígà, ló fẹ́ máa kọ́ àwọn ọmọ àdúgbò lọ́fẹ̀ẹ́. Kóòṣì ni gbogbo ènìyàn ń pè é. Ohun kan ṣoṣo tó ní kí òbí kọ̀ọ̀kan rà ni àṣíborí tó bá orí ọmọ rẹ̀ mu. Àyè kò pọ̀, àwọn ọmọ mìíràn sì ń dúró lẹ́yìn. Láti ìgbà òjò ni Fimíhàn ti ń já koríko lọ fún àwọn ẹṣin náà kí wọ́n lè mú un, ìgbà tí wọ́n sì mú un, kò sùn dáadáa lóru ọjọ́ náà nítorí ayọ̀.

Ìyá àtọmọ lọ bá Mùíz tó ń ta ọjà tòkunbọ̀ ní Onipanu. Ó gbé àṣíborí ẹlẹ́ṣin méjì jáde. Èkíní dúdú, kò ní ẹ̀ṣọ́ kankan. Mùíz fi dé Fimíhàn lórí, ó so okùn rẹ̀ mọ́ ọn lábẹ́ àgbọ̀n, ó ní kó mi orí. Àṣíborí náà kò yẹ̀.

“Ìyá, ẹ ò rí i? Ó gbá a mú. Kò bo ojú, kò sì sún sẹ́yìn. Ọmọ, ṣé ó fún ẹ?”

“Rárá, ẹ̀gbọ́n. Ó rọ̀ mí lọ́rùn.”

“Ṣùkú ńkọ́?” Rebecca béèrè.

“Ṣùkú wo, Ìyá?”

“Èyí tí mo máa dì fún un. Níbo ló máa wọ̀ sí nínú ìkòkò dúdú yìí?”

Mùíz bú sẹ́rìn-ín. “Orí lẹ fẹ́ dáàbò bò ni àbí irun?”

“Ta ọjà ẹ, jàre. Orí ọmọ aráyé ni mo ń dì mú láti àárọ̀ dalẹ́. Ìwọ lo fẹ́ wá kọ́ mi ní orí?”

Èkejì ni Rebecca mú. Ó tóbi, wọ́n sì fi àrán aláwọ̀ wáìnì bò ó.

“Màmi, èyí ń mì,” Fimíhàn sọ.

“Irun ò tíì sí níbẹ̀ ni. Tí ṣùkú bá wọnú ẹ̀, á dúró. Àbí o ò ní dàgbà ni?”

Ní àárọ̀ Sátidé, gbogbo àwọn ìyá tó wà létí ọ̀sà ló yíjú wo Fimíhàn.

“Háà! Ìyá Fimíhàn!” Ìyá Peculiar pariwo. “Ọwọ́ yín ò ní rọ o! Irun rèé!”

Inú Rebecca dùn débi pé kò fẹ́ rí i pé àṣíborí náà kò balẹ̀. Orí ṣùkú ló jókòó sí. Ó fa okùn abẹ́ àgbọ̀n le ṣinṣin, ó sì yà á ní fọ́tò. Kóòṣì ń di ẹṣin kan tí ara rẹ̀ kò balẹ̀ mú, ó nahùn láti ọ̀nà jíjìn pé, “Ìyá, ṣé àṣíborí yẹn ò mì?”

“Kò mì rárá, sà!”

Níwọ̀n ìgbà tí ẹṣin tí Fimíhàn gùn ń rìn jẹ́jẹ́, kò sí wàhálà. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í sá tẹ̀ẹ́tẹ̀ẹ́, àṣíborí yí lórí ṣùkú, ó ṣubú bo ojú ọmọ náà. Fimíhàn kò rí nǹkan kan mọ́. Ó ju ìjánu sílẹ̀ kó lè fọwọ́ tì í sókè, ó sì já bọ́ sínú iyanrìn.

Rebecca ké, ó sáré. Ìgúnpá ọmọ náà nìkan ló bó. Kóòṣì ti kúnlẹ̀ níbẹ̀. Ó ti ẹ̀ṣẹ́ rẹ̀ bọ àárín orí àti àṣíborí, ẹ̀ṣẹ́ náà sì wọlé.

“Ta ló mú èyí?”

Fimíhàn wo ìyá rẹ̀, ó wo àwọn ìyá yòókù. “Èmi ni, sà. Àwọ̀ ẹ̀ ló wù mí.”

“Àwọn ọmọ ìwòyí!” ni Ìyá Peculiar wí. “Oge ṣáá ni.”

Orí ni Rebecca mì, bí ẹni tó gbà bẹ́ẹ̀.

“Lọ jókòó,” Kóòṣì wí fún ọmọ náà. “Ẹlòmíì á gba ipò ẹ.”

Fimíhàn lọ jókòó lórí bẹ́ńṣì. Kò sunkún. Iyanrìn ló ń ṣà kúrò nínú irun. Ìyá rẹ̀ lọ bá a, ó sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

“Kí ló dé tó o fi purọ́?”

“Wọ́n ń wò yín, Màmi.”

Ara Rebecca gbóná láti ọrùn dé etí. Ó dìde. Ọ̀nà tó lọ dé ọ̀dọ̀ Kóòṣì kò jìn, ṣùgbọ́n ó dà bíi pé ìhòòhò ni òun ń rìn ín.

“Ẹ jọ̀ọ́, sà. Èmi ni mo mú un. Ọmọ yìí sọ pé ó ń mì. Ẹni tó tà á náà kìlọ̀ fún mi. Nítorí irun ni.”

“Mo bi yín, Ìyá. Ẹ ní kò mì.”

“Mo purọ́, sà.”

“Ọmọ ọdún mẹ́wàá wá bá yín ru ẹ̀bi.”

Ìyá Peculiar bẹ̀rẹ̀ sí í wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

“Irun yẹn ò lè gun ẹṣin mi,” ni Kóòṣì wí, ó sì wọlé lọ gbé àṣíborí ọmọ tirẹ̀ wá.

Rebecca fi ọmọ rẹ̀ sáàárín orúnkún, ó tú ṣùkú náà lójú gbogbo wọn, ó sì dì í pẹlẹbẹ sẹ́yìn ní kíákíá. Irun náà rí wúruwùru. Ó dé àṣíborí náà fún un.

“Ṣé ó fún ọ níbì kan?”

“Ẹ̀gbẹ́ etí yìí ń dùn mí.”

Ó ṣí i, ó bá kókó irun kan níbẹ̀, ó tú u, ó tún un dé.

“Mi orí. Báyìí ńkọ́?”

“Ó dúró.”

“Má tìtorí tèmi sọ bẹ́ẹ̀ o.”

“Ó dúró, Màmi.”

Kóòṣì náà di àṣíborí mú, ó mì í, kò yẹ̀. Ó gbé Fimíhàn sórí gàárì. Rebecca kò lè gbójú sókè láàárín àwọn ìyá yòókù. Ìró pátákò nínú iyanrìn ló ń gbọ́, tó ń lọ, tó ń bọ̀, ó sì ń dúró de ìró ìṣubú tí kò wá.