Káàdì Pupa Lọ́wọ́ Ìyá Hasanat

"Ọmọ ta tiẹ̀ nìyí, tí kì í kí èèyàn?"

Ìyá Hasanat kò rẹ ohùn sílẹ̀ rárá. Ó fẹ́ kí ọ̀dọ́mọkùnrin tó jókòó sí ìpẹ̀kun bẹ́ǹṣì gbọ́, ó sì gbọ́. Múyìwá tẹjú mọ́ tábúlẹ́ẹ̀tì tó wà lórí itan rẹ̀ bí ẹni pé ọ̀rọ̀ náà kò kàn án.

"Láti ìgbà tí mo ti ń wá síbí ni mo ti ń rí i," ni ìyá àgbà náà wí fún obìnrin tó jókòó tì í. "A dé, kò kí wa. A ń lọ, kò kí wa. Tó bá yá, á gbójú sókè, á wò wá bí ẹni ń wo ẹran lọ́jà."

"Bóyá odi ni, ìyá."

"Odi kẹ̀? Mo gbọ́ nígbà tó ń sọ òyìnbó lórí fóònù. Ẹnu rẹ̀ yá ju tèmi lọ."

Àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì rẹ́rìn-ín. Etí Múyìwá gbóná. Ó wù ú kó dìde, kó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, kí ọ̀rọ̀ náà sì tán síbẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin ìwádìí ni: ẹni tó ń wòye kò gbọdọ̀ bá aláìsàn sọ̀rọ̀, kò gbọdọ̀ kí wọn, kò gbọdọ̀ ràn wọ́n lọ́wọ́, kí ohun tó wá wò má baà yí padà nítorí pé òun wà níbẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ìyàndá, ọ̀gá rẹ̀ ní yunifásítì, ti tẹnu mọ́ ọn títí. "Fi ara rẹ ṣe ògiri," ni obìnrin náà wí. Múyìwá ti ń ṣe ògiri bọ̀ láti ọjọ́ yìí. Ẹdẹ ni wọ́n bí i sí, Ẹdẹ ni wọ́n ti tọ́ ọ, gbogbo àárọ̀ tó bá sì gba iwájú àwọn àgbà wọ̀nyí kọjá láìyà kí wọn, ṣe ló máa ń dà bíi pé ó ń bú wọn.

Tẹ́lẹ̀, ẹ̀yìn ẹnu ọ̀nà dókítà ló máa ń jókòó sí. Òjò àná ló jò sórí àga rẹ̀, tó fi wá bá àwọn aláìsàn lórí bẹ́ǹṣì lónìí.

Ìwádìí náà kò le lójú ìwé. Ní Ilé Ìwòsàn Ìfọkànbalẹ̀, ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ni dókítà máa ń kọ́kọ́ rí, ẹni tó ń kú lọ á sì máa dúró lẹ́yìn ẹni tí ọ̀fìnkìn ń ṣe. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ìyàndá wá mú káàdì wá. Bí aláìsàn bá ti wọlé, Mátírọ́nì Ọláyẹmí á wọn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀, á wo bí ara rẹ̀ ṣe gbóná sí, á bi í ní ìbéèrè díẹ̀. Ẹni tí ewu bá wà lórí rẹ̀ á gba káàdì pupa, àwọn tó kù á gba funfun. Pupa ló ń kọ́kọ́ wọlé. Wọn kò sọ ìtumọ̀ àwọ̀ náà fún àwọn aláìsàn, nítorí wọ́n rò pé bí wọ́n bá mọ̀ ọ́n, kálukú á máa ké ìrora tí kò ní. Iṣẹ́ Múyìwá ni láti fi tábúlẹ́ẹ̀tì ṣọ́ bí káàdì kọ̀ọ̀kan ṣe ń pẹ́ tó kó tó wọlé. Èsì rẹ̀ sì dára gan-an. Pupa kì í pẹ́ níta mọ́. Àwọn aṣáájú ilé ìwòsàn ti ń yọ̀.

Dókítà Ahmad nìkan ni kò yọ̀. Ó ti jáde sí Mátírọ́nì lójú gbogbo èèyàn.

"Mátírọ́nì, ẹ jọ̀wọ́, kí ló ṣe ẹ̀rọ yín? Orúnkún ríro ni wọ́n ń fi pupa gbé wá bá mi. Ẹnì kan ní oorun kò dùn mọ́ òun."

"Kò sóhun tó ṣe ẹ̀rọ mi, Dókítà. Ẹni tí mo bá fún ní pupa, pupa ló tọ́ sí i."

Ọ̀rọ̀ náà kò jẹ́ kí Múyìwá sùn dáadáa. Láti kékeré ló ti jẹ́ pé bó bá tú rédíò, kò ní jẹun àfi tó bá rí ibi tó ti bàjẹ́. Ó kọ́kọ́ fura sí ẹ̀rọ. Ó dọ́gbọ́n fi wọn ara rẹ̀ nígbà tí Mátírọ́nì lọ jẹun, ẹ̀rọ náà sì pé. Ó fura sí Mátírọ́nì fúnra rẹ̀, pé bóyá àwọn ojúlùmọ̀ rẹ̀ ló ń fún ní pupa. Ó ṣọ́ ọ títí, kò rí nǹkan kan. Mátírọ́nì kì í rẹ́rìn-ín sí ẹnikẹ́ni, áḿbọ̀sìbọ́sí kó máa ṣojúsàájú. Gbogbo ìdáhùn tí Múyìwá bá gbé wá, ó ń já sí asán.

Nígbà tó yá, aboyún kan wọlé láti orí ọ̀kadà, ẹrẹ̀ ọ̀nà Alájùé ṣì wà lára aṣọ rẹ̀. Bàtà ọkùnrin ló wọ̀, nítorí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú. Mátírọ́nì wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ojú rẹ̀ yí padà, ó tún un wọ̀n. Ó fún un ní káàdì pupa.

"Jókòó síbẹ̀ yẹn. Wọn ò ní pẹ́ pè ọ́."

Obìnrin náà yíjú, ó rí Ìyá Hasanat, ó sì kúnlẹ̀ pẹ̀lú oyún ńlá yẹn.

"Ẹ káàárọ̀, mà. Mi ò mọ̀ pé ẹ wà níbí."

"Roqeebah! Ìyàwó wa! Dìde, dìde. Kí ló gbé ọ wá?"

"Orí ló ń fọ́ mi, mà. Kò jẹ́ kí n gbádùn láti ìjẹta."

"Oyún lò ń rù, orí á fọ́ ọ. Gbogbo wa la rù ú. Ọlọ́run á sọ̀ ọ́ kalẹ̀ wẹ́rẹ́."

"Àmín, mà."

Roqeebah jókòó. Níṣojú rẹ̀ ni ọmọbìnrin tó ń pe èèyàn lẹ́nu ọ̀nà dókítà ṣe yọ orí síta tó ní, "Pupa!", tí ẹni tó ní pupa sì wọlé, tí àwọn tó ti wà níbẹ̀ ṣáájú sì wà níbi tí wọ́n wà. Roqeebah wo káàdì ọwọ́ rẹ̀. Ó wo funfun tó wà lọ́wọ́ Ìyá Hasanat. Kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó tún kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì na káàdì náà.

"Ẹ gba èyí, mà. Òun ni wọ́n ń tètè pè."

"Ìwọ ńkọ́?"

"Mo ṣì lè dúró, mà."

Ìyá Hasanat gbà á, ó fún un ní funfun, ó sì bẹ̀rẹ̀ àdúà. Gbogbo bẹ́ǹṣì ń ṣe àmín.

"Ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé nìyí," ni obìnrin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wí, ó sì fi ojú gún Múyìwá lára.

Ọwọ́ Múyìwá dúró lórí tábúlẹ́ẹ̀tì. Kì í ṣe ẹ̀rọ. Kì í ṣe Mátírọ́nì. Kò sẹ́ni tó fi nǹkan kan pa mọ́. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń ṣe é ní gbangba, pẹ̀lú ìkúnlẹ̀ àti àdúà, òun tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà ń ka káàdì tó ń wọlé, kò wo ọwọ́ tó ń gbé e. Inú rẹ̀ dùn fún ìṣẹ́jú kan, bó ṣe máa ń dùn tó bá rí okùn tó já nínú rédíò.

Lẹ́yìn náà ló wo ojú Roqeebah.

"Ẹ jọ̀ọ́, ṣé mànàmáná ló ń kọ nínú yàrá yìí?" ni Roqeebah ń bi ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó fi ọwọ́ di orí mú. "Nǹkan kan ń tàn níwájú mi."

Múyìwá dìde lọ bá Mátírọ́nì. Èrò ti yí tábìlì rẹ̀ ká, ọmọ kan ń ké, bàbá kan ń pariwo pé àwọn ti dé ṣáájú.

"Mátírọ́nì, ẹ jọ̀ọ́, mà. Aboyún tó wọlé yẹn, káàdì rẹ̀ kò sí lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́."

Mátírọ́nì wò ó tìyanutìyanu. "Háà! Ògiri ti ń sọ̀rọ̀?"

"Ìyá kan ló gbé e fún, mà."

"Mo ti fún un ní pupa. Iṣẹ́ tèmi nìyẹn. Èmi nìkan ni mo wà níbí, ẹnìkejì mi ti jápa. Ẹ̀yin lẹ ní ẹ ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá yín sọ̀rọ̀. Tó o bá fẹ́ ràn mí lọ́wọ́, wá gbé ọmọ yìí dání kí n wo ara rẹ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, yẹ̀ fún mi!"

Múyìwá padà sọ́dọ̀ Roqeebah, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. "Àbúrò, lọ gba káàdì rẹ padà."

"Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀gbọ́n ìyá ọkọ mi ni wọ́n. Ṣé kí n wọlé, kí n fi wọ́n sílẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì? Kí n tó délé, ìròyìn á ti délé."

"Ara rẹ ò yá!"

"Ta ni ara rẹ̀ yá níbí?"

Ó ṣe Múyìwá bíi kó fi orí gbá ògiri gidi. Ẹnu ọ̀nà dókítà ṣí. "Pupa!" Ìyá Hasanat fi ọwọ́ ti orúnkún, ó ń dìde díẹ̀díẹ̀. Múyìwá sáré gba iwájú rẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ sórí sìmẹ́ǹtì tí omi òjò ṣì wà.

"Ẹ má wọlé, mà!"

"Ẹ gbà mí!" Ìyá Hasanat pàtẹ́wọ́. "Kò kí mi láti ọjọ́ tó ti ń rí mi. Ọjọ́ tó máa lanu, ó ní kí n má wọlé!"

"Káàdì yẹn, mà, kì í ṣe ti ẹni tó yẹ kí wọ́n bọ̀wọ̀ fún. Ti ẹni tí nǹkan lè ṣe ni, bó bá pẹ́ níta. Ẹ̀jẹ̀ ìyàwó yín ti ru kọjá ààlà. Òun àti ọmọ inú rẹ̀…"

Ìyá Hasanat wo káàdì ọwọ́ rẹ̀ bí ẹni pé ó ti gbóná.

"Ta ló sọ fún wa?"

"Kò sẹ́ni tó sọ fún yín, mà."

"Ìwọ mọ̀ ọ́n?"

"Mo mọ̀ ọ́n, mà."

Ìyá Hasanat kọjú sí aboyún náà. "Roqeebah, dìde!"

"Mà, ẹ kọ́kọ́…"

"Mo ní dìde! Ṣé orúnkún tèmi yìí ló máa pa ọmọ wa?" Ó gbá a lọ́wọ́ mú. Ọmọbìnrin ẹnu ọ̀nà ní ẹnì kan ṣoṣo ló ń wọlé; ìyá àgbà náà kò tilẹ̀ wo ojú rẹ̀. Àwọn méjèèjì jọ wọlé.

Kò pẹ́ tí ohùn Dókítà Ahmad fi gba gbogbo ibẹ̀, pé kí wọ́n gbé kẹ̀kẹ́ aláìsàn wá. Mátírọ́nì fi tábìlì rẹ̀ sílẹ̀ sáré wọlé. Wọ́n ti Roqeebah kọjá lọ sí yàrá àwọn aboyún, orí rẹ̀ fì sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ìyá Hasanat ló jáde gbẹ̀yìn, bàtà ọkùnrin yẹn wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó dúró níwájú Múyìwá.

"Èmi rò pé àìlẹ́kọ̀ọ́ ni," ó ní. Ohùn rẹ̀ kò le rárá. "Àṣé o ń rí wa, o mọ̀, o dákẹ́."

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ìyàndá pè é.

"O ti ba iṣẹ́ òní jẹ́, Múyìwá."

"Iṣẹ́ náà ti bàjẹ́ kí n tó lanu, mà. Àwọn tí Mátírọ́nì ń fún ní pupa kọ́ ló ń tètè wọlé. Àwọn ọ̀dọ́ ń gbé e fún àgbà. Káàdì là ń kà, a ò ka èèyàn."

"Lọ́la la máa jábọ̀ fún ìgbìmọ̀ ilé ìwòsàn náà. Yọ ti òní kúrò, kí o fi èyí tó kù ránṣẹ́. A óò kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó kù díẹ̀ káàtó."

"Kì í ṣe díẹ̀, mà."

"Gbọ́ mi dáadáa. O ran ẹnì kan lọ́wọ́ lónìí, ó dára. Ta ni yóò ran àwọn tó kù lọ́wọ́ tí a bá ti lọ? Èsì tó dára ló máa jẹ́ kí wọ́n wá èèyàn kún Mátírọ́nì yẹn. Ṣé o fẹ́ kí wọ́n kó káàdì náà dànù, kí wọ́n padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀?"

Apá kan ọ̀rọ̀ náà jẹ́ òótọ́, ohun tó bí Múyìwá nínú jù nìyẹn. "Mo gbọ́, mà," ó ní. Gbígbọ́ náà ló gbọ́ ọ.

Nígbà tó dé ilé ìwòsàn láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Mátírọ́nì ló kọ́kọ́ bá a sọ̀rọ̀. Wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún Roqeebah. Ọmọ náà kéré púpọ̀, ó wà nínú àpótí tó ń mú ara móoru. Ìyá rẹ̀ ṣì ń sùn, wọn ò tíì lè sọ nǹkan kan. Ìyá Hasanat kò kúrò lẹ́nu ọ̀nà yàrá náà.

Múyìwá lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Èsì ti wà nínú tábúlẹ́ẹ̀tì, gbogbo rẹ̀ mọ́ tónítóní. Ó kù kó tẹ ibì kan péré kó lọ. Ọ̀jọ̀gbọ́n ti fi àtẹ̀jíṣẹ́ béèrè rẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́ tán.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wọlé, ó ń mí gúlegúle, àyà rẹ̀ ń lọ sókè sódò bí ẹni tó sáré láti ìlú Awó. Mátírọ́nì fún un ní pupa. Bó ṣe jókòó ni bàbá arúgbó kan wọlé, tó fi ọ̀pá tẹ̀lẹ̀ dé ibi bẹ́ǹṣì, funfun lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà wo bàbá. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í dìde, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì na káàdì náà sí i, bí wọ́n ṣe kọ́ ọ nílé.

Múyìwá da ojú tábúlẹ́ẹ̀tì délẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì. Kò tẹ ibì kankan. Ó bọ́ sáàárín yàrá, ó dọ̀bálẹ̀.

"Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin bàbá mi, ẹ̀yin ìyá mi," ó ní, ohùn rẹ̀ lọ sókè débi pé Mátírọ́nì gbójú kúrò lórí ẹ̀rọ rẹ̀. "Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí pupa jẹ́ fún yín."