Ogójì Ọjọ́ Yamna

Ẹni tó bá fẹ́ bú mi, kó bú mi dáadáa. Ó tọ́ sí mi.

Níbi tí a ti ń di ẹja sádíìnì sínú agolo ní Safi, létí òkun Mòrókò, bí ẹja bá ti dé, fèrè á dún, ọ̀gá á sì máa pe orúkọ lẹ́nu ọ̀nà. Ẹni tó bá dáhùn "Èmi rèé" ni wọ́n ń kọ ọjọ́ iṣẹ́ fún. Gèlè àti ìbòmú ló bo gbogbo wa lójú, ta ló fẹ́ mọ ta ni? Nígbà tí mo bímọ, ogójì ọjọ́ ni Ẹ̀gbọ́n Yamna, tí a jọ ń ṣiṣẹ́, fi jẹ́ orúkọ mi, tó sì ṣiṣẹ́ dípò mi, kí wọ́n má bàa fi ẹlòmíì rọ́pò mi. Wọn ò kọ nǹkan kan sí orúkọ tirẹ̀ láwọn ọjọ́ yẹn.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀ ń fi tiyín ṣòfò o."

"Gbẹ́nu ẹ dákẹ́ jàre, ìyá ìkókó! Ta ló máa lé arúgbó bíi tèmi?"

Lẹ́yìn ọdún ìtúnu àwẹ̀, wọ́n ti ilé-iṣẹ́ pa, wọ́n lé gbogbo wa. Ó ṣáà ku owó tí ìjọba ń fún ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, bó bá ti ṣiṣẹ́ ọgọ́sàn-án ọjọ́ lọ́dún. Ti Yamna fi ọjọ́ mẹ́wàá lé. Ọkọ rẹ̀ ò ríran mọ́, owó yẹn nìkan ni wọ́n gbójú lé. Àwa méjèèjì jọ lọ sí ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń san án.

"Màmá, òfin ti yí láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá," akọ̀wé wí. "Igba ó lé mẹ́wàá ni báyìí. Tiyín fi ogún ọjọ́ dín."

"Ọ̀sẹ̀ tó kọjá? Ṣebí wọ́n ti lé wa kí ẹ tó yí i!"

"Èmi kọ́ ni mo ṣòfin, Màmá. Ṣé ẹ tún ní ọjọ́ kankan níbòmíì?"

Yamna wò mí. Mo wolẹ̀. Mo ní lọ́kàn mi pé bí mo bá sọ ti ogójì ọjọ́ yẹn, wọ́n á pè é ní jìbìtì, àwa méjèèjì á sì pàdánù. Irọ́ ni mo ń pa fún ara mi, n ò tiẹ̀ mọ̀ bóyá bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ̀rù ló bà mí.

"Kò sí," ni Yamna wí.

Akọ̀wé ṣí ìwé mìíràn. "Itto Bihi!"

Orúkọ mi nìyẹn. Mo ṣì ń wolẹ̀.

"Èmi rèé," Yamna dáhùn, bó ṣe mọ́ ọn lára.

Akọ̀wé gbójú sókè. "Ẹ̀yin kọ́, Màmá. Tiyín ti parí."

Yamna rẹ́rìn-ín, ó rọra tì mí lẹ́yìn. "Dìde, wọ́n ń pè ẹ́."

Mo dìde. Mo fọwọ́ sí ìwé owó tèmi, tòun ti ogójì ọjọ́ Yamna nínú rẹ̀.