Ọwọ́jà Jíìpù Adéjùwọ́n

Sàláwù fi àtẹ́lẹwọ́ dí ẹnu páìpù náà gbọin, ó ń dúró kí ẹ́ńjìnnì kú. Ẹ́ńjìnnì kò kú. Ó kàn wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó sì ń pariwo rẹ̀ lọ lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì bí ẹni pé kò sẹ́ni tó dí i nímú. Sàláwù bú u lábẹ́lẹ̀. Ibì kan ń fa afẹ́fẹ́ lójú ọ̀nà. Ibi tí afẹ́fẹ́ bá sì rí gbà, omi náà á gba ibẹ̀, omi tí ẹ́ńjìnnì bá mu lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo sì ti tó láti ṣẹ́ ẹ léegun.

Ọjọ́bọ̀ ni, nínú oṣù Keje ọdún 1988. Òjò ti rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́sàn-án, ó ti sọ ìdajì Ajégúnlẹ̀ di odò, àwọn èèyàn ń ká ṣòkòtò dé itan kí wọ́n tó lè ra búrẹ́dì. Lábẹ́ igi fúrúùtù kan ní Bọ́ńdìrì ni ṣọ́ọ̀bù Sàláwù wà, bí èèyàn bá lè pe tapólì mẹ́rin àti àpótí irinṣẹ́ kan ní ṣọ́ọ̀bù. Òjò ibẹ̀ ti mọ ẹ̀yìn rẹ̀ ju bí ìyàwó rẹ̀ ṣe mọ̀ ọ́n lọ. Ọdún mọ́kànlá ló ti lò níbẹ̀.

Iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́rin ló wà lára Láńdírófà yìí. Ó gé páìpù irin tí wọ́n fi ń fa omi, ó jó o pọ̀ ní oríkèé méjì, ó sì gbé e gba ẹ̀gbẹ́ gíláàsì iwájú lọ sókè títí tó fi ga ju òrùlé ọkọ̀ lọ. Ó fi rọ́bà rédíétọ̀ tírélà so ìdí rẹ̀ mọ́ agolo tí ẹ́ńjìnnì fi ń sẹ́ afẹ́fẹ́. Ó tún fa sàlẹ́ńsà gba ẹ̀yìn lọ sókè kí èéfín lè rí ọ̀nà jáde. Ẹ́ńjìnnì dísù ni, kò ní púlọ́ọ̀gì tí omi lè pa iná rẹ̀. Sàláwù kò mọ orúkọ tí àwọn òyìnbó ń pe irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló rí àwòrán rẹ̀ rí, nínú ìwé ìròyìn àtijọ́ tí wọ́n fi wé àkàrà fún un. Ọwọ́jà ni òun pè é, torí pé bí erin bá ń la odò kọjá, ọwọ́jà rẹ̀ ló máa ń nà sókè láti fi mí.

Adéjùwọ́n ló ni jíìpù. Ó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tó ń bá èèyàn gba ẹrù jáde ní wọ́ọ̀fù Àpápá, ọkùnrin tó máa ń rẹ́rìn-ín kó tó sọ̀rọ̀. Ó ní òun ní yáàdì kan lẹ́yìn ẹrẹ̀, omi ti yí i ká, òun sì gbọ́dọ̀ dé ibẹ̀ kí ọjọ́ Ẹtì tó ṣú. Bí ọkọ̀ náà bá lọ tó sì bọ̀, Sàláwù ni yóò di olórí mẹkáníìkì ní gáréèjì òun ní Àpápá: òrùlé páànù, ilẹ̀ sìmẹ́ńtì, kòtò tí èèyàn lè dúró sí wo abẹ́ ọkọ̀ láìdùbúlẹ̀ sínú ẹrẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Sàláwù ti lálàá kòtò yẹn. Ẹ má bi mí bí èèyàn ṣe ń lálàá kòtò. Ẹni tó ti fi ẹ̀yìn lélẹ̀ tútù fún ọdún mọ́kànlá mọ ohun tí mò ń sọ.

Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, ó wọ ọkọ̀ ojú omi lọ kí Àdùfẹ́, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ní àdúgbò orí omi tó wà nítòsí Marine Beach. Àdùfẹ́ ló tọ́ ọ. Ìyá wọn kú ní Ẹ̀pẹ́ nígbà tí Sàláwù ò tíì já lẹ́nu ọmú. Ẹ̀gbọ́n ló pọ̀n ọ́n wá sí Èkó, ẹja yíyan ló fi bọ́ ọ, ẹja yíyan náà ló fi rán an lọ kọ́ṣẹ́. Inú ilé orí òpó yẹn ló ti dàgbà.

Ọdún kejì nìyí tí iléeṣẹ́ kan, tí ẹnikẹ́ni ò mọ ojú ẹni tó ni ín, ti ń bá àdúgbò náà ṣẹjọ́ lórí ilẹ̀. Kóòtù ti dá iléeṣẹ́ náà láre, ṣùgbọ́n ìwé kóòtù ní gbèdéke: bí bélífù, òṣìṣẹ́ kóòtù tó ń mú ìdájọ́ ṣẹ, kò bá fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ tẹ ibẹ̀ kí ọjọ́ Ẹtì tó parí, ìwé náà di ìwé tí wọ́n fi ń di ẹja, wọ́n á tún ẹjọ́ bẹ̀rẹ̀. Ọ̀nà ilẹ̀ sì ti wà lábẹ́ omi. Nínú àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi, kò sẹ́ni tó máa gbé bélífù lọ lé ìyá tirẹ̀ nílé.

“Omi ni mégàádì wa,” ni Àdùfẹ́ wí, ó sì bu ẹja sí i láwo.

Sàláwù kì í lè jẹun kó má fọ́nnu. Ó ròyìn ọwọ́jà fún un, ó sọ bí wọ́n ṣe ń dán an wò: bí èèyàn bá fi ọwọ́ dí i lókè tí ẹ́ńjìnnì kú, iṣẹ́ ti pé, bí kò bá kú, ó ń jò. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ dí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nímú láti fi ṣàpèjúwe. Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín títí ẹja orí iná fi fẹ́rẹ̀ẹ́ jóná.

Nísinsìnyí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ jíìpù, Sàláwù tan sìgá. Kì í mu sìgá. Èéfín rẹ̀ ló wúlò fún un. Ó ń gbé e kiri àwọn oríkèé páìpù lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń wo èéfín bó ṣe ń lọ sókè jẹ́jẹ́, títí ó fi dé ibi rọ́bà, tí èéfín tẹ orí ba tó sì wọ abẹ́ kílíìpù lọ. Ọwọ́ tẹ̀ ẹ́. Ó tú kílíìpù, ó gé tíúbù kẹ̀kẹ́, ó wé e lẹ́ẹ̀mẹrin, ó fi gọ́ọ̀mù sí i, ó sì dè é títí apá fi ń ro ó. Ó tún gun orí táyà, ó dí i. Ẹ́ńjìnnì kú bí àtùpà tí wọ́n fẹ́ pa.

Ayọ̀ tó wọ inú rẹ̀, kò ní irú ẹ̀ lọ́jọ́ tí ìyàwó rẹ̀ bímọ. Ó wá ọ̀dà dúdú tó ṣẹ́kù níbi iṣẹ́ gẹ́ètì kan, ó fi kun páìpù náà láti òkè délẹ̀, torí kò fẹ́ kí iṣẹ́ tó dára tó bẹ́ẹ̀ lọ sójú ayé níhòòhò.

Ọ̀dà ò tíì gbẹ nígbà tí Adéjùwọ́n dé. Friday, dírẹ́bà rẹ̀, wà pẹ̀lú rẹ̀, àti ọkùnrin kan tó wọ kákí tó fi báàgì há abíyá, àti géńdé méjì tó gbé ṣéènì dání. Adéjùwọ́n ní kí Sàláwù dán an wò lójú òun. Sàláwù ò ro ti ọ̀dà. Ó fi ọwọ́ dí i, ẹ́ńjìnnì kú. Nígbà tó gbé ọwọ́ kúrò, òrùka dúdú róbótó wà láàárín àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Adéjùwọ́n pàtẹ́wọ́ fún un, ó ní kó bọ́ síwájú, kó wá júwe ọ̀nà.

Ibi tí títì parí sí, tí omi bẹ̀rẹ̀, ni oníkákí ti ṣí báàgì. Ó mú ìwé kan jáde nínú ọ̀rá. Sàláwù ò mọ̀wé púpọ̀, ṣùgbọ́n ó mọ àwòrán ìdákọ̀ró tó wà lórí ìwé náà, àmì iléeṣẹ́ tó ń bá àdúgbò ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣẹjọ́. Irú rẹ̀ ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn Àdùfẹ́ lọ́dún tó kọjá.

“Ọ̀gá,” ó ní, “yáàdì lẹ ní à ń lọ.”

“Yáàdì náà ni.” Adéjùwọ́n rẹ́rìn-ín láti ẹ̀yìn. “Bí ilé bá kúrò níbẹ̀, kí ló kù?”

“Ẹ̀gbọ́n mi ń gbé ibẹ̀, sà.”

“Mo mọ̀. Mẹkáníìkì pọ̀ ní Àpápá, Sàláwù. Ẹni tó mọ ibi tí ilẹ̀ wà lábẹ́ omi yẹn ni ò pọ̀.”

Wọ́n ní ìdí ẹ̀fọ́ ni kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́ wà. Sàláwù ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn láìmọye ìgbà, kò sì rò ó rí pé òun ni wọ́n ń bá wí. Ọwọ́ rẹ̀ wà lórí hándù ilẹ̀kùn. Ó lè bọ́ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n Friday ti tẹ iná, omi ti wọ ẹsẹ̀ ọkọ̀, èrò míì sì ti wá sí i lọ́kàn, èyí tó dára ju kéèyàn bọ́ sílẹ̀ lọ. Níwájú, níbi òpó iná kan tó ti tẹ̀, ọ̀nà pín sí méjì lábẹ́ omi. Ọ̀tún ni ilẹ̀ líle wà. Òsì, kánáàlì ni, ó jìn ju ìdúró ọkùnrin méjì lọ. Bí jíìpù bá wọ ibẹ̀, ọwọ́jà tìkára rẹ̀ á rì; àwọn èèyàn inú rẹ̀ á lúwẹ̀ẹ́ jáde, ẹ́ńjìnnì á kú pátápátá, ọjọ́ Ẹtì á sì kọjá. Ó pinnu pé òsì ni òun máa ní kí wọ́n yà.

Omi dé iná iwájú. Ó dé bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ó bò ó mọ́lẹ̀, ó ń ṣàn kọjá lórí rẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n bá da omi sórí tábìlì, oníkákí sì bẹ̀rẹ̀ sí í pe Jésù. Ẹ́ńjìnnì ò yí ohùn padà. Ó ń mí lókè, nítòsí etí Sàláwù gan-an, ó ń fa afẹ́fẹ́ wọlé fùù, fùù, láìdákẹ́, láìwúkọ́.

“E dey breathe o,” ni Friday wí, ó ń wo páìpù náà pẹ̀lú ìbẹ̀rù. “Bros, you sabi work.”

Orí Sàláwù wú. Ọdún mọ́kànlá, kò sẹ́ni tó sọ bẹ́ẹ̀ fún un rí. Wọ́n dé ibi òpó tó tẹ̀.

“Right abi left?”

“Ọ̀tún,” ni Sàláwù wí, ó sì nawọ́ sí i.

Lẹ́yìn ìgbà náà, ó máa ń sọ fún ara rẹ̀ pé nítorí ẹ̀mí èèyàn mẹ́fà tó wà nínú ọkọ̀ ni. Irọ́ ni. Nígbà tó la ẹnu, kò rántí ẹ̀mí ẹnikẹ́ni, kò rántí gáréèjì pàápàá. Kò kàn fẹ́ kí ẹ́ńjìnnì yẹn kú ni.

Ilé Àdùfẹ́ ló ṣíwájú téèyàn bá gba ọ̀nà ilẹ̀. Àwọn ọmọdé ló kọ́kọ́ rí wọn. Wọ́n rò pé ọkọ̀ ojú omi tuntun ni, wọ́n ń juwọ́. Àwọn àgbà jáde sórí pákó iwájú ilé wọn, kò sì sẹ́ni tó juwọ́. Philomena, tó ń gbé ilé kejì, ló kọ́kọ́ dá Sàláwù mọ̀.

“Sàláwù,” ó ní, “na you carry dem come?”

Oníkákí sọ̀ kalẹ̀ sínú omi tó dé àyà rẹ̀, ó gbé ìwé sókè, ó kà á jáde, ó sì kàn án mọ́ ilẹ̀kùn Àdùfẹ́. Àwọn géńdé so ṣéènì mọ́ òpó iwájú ilé, wọ́n so orí rẹ̀ kejì mọ́ iwájú jíìpù. Àdùfẹ́ dúró ti ààrò ẹja rẹ̀, ó ń wò wọ́n. Ó wo jíìpù, ó wo páìpù dúdú tó yọ sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, lẹ́yìn náà ló wá wo àbúrò rẹ̀.

“Ṣé òun nìyí?”

“Òun ni, Ẹ̀gbọ́n mi.”

Pákó iwájú ilé àti bọ́nẹ́ẹ̀tì jíìpù fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Àdùfẹ́ ká ìró rẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ kọjá sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì láìwo ẹnikẹ́ni, ó nàgà, ó sì fi àtẹ́lẹwọ́ dí ẹnu páìpù náà. Ẹ́ńjìnnì kú.

Òróró ẹja ń ta sórí iná nínú ààrò. Gbogbo èèyàn ń wo Àdùfẹ́, obìnrin arúgbó tó dúró lórí ọkọ̀ tó di ẹ́ńjìnnì mú lọ́fun. Ohun tó kọ́kọ́ wá sọ́kàn Sàláwù ni pé kò jò. Kò jò níbì kankan. Inú rẹ̀ dùn, ó dùn gan-an, fún ìwọ̀n ìgbà tí èèyàn fi ń mí sínú lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́yìn náà ni ìtìjú wá dé.

“Gbé e kúrò níbẹ̀,” ni Adéjùwọ́n wí. Kò pariwo. “Ẹ̀gbọ́n ẹ ni. Bí àwọn tèmi bá gbé e, wọ́n á dá a léegun.”

Sàláwù gun orí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ó bẹ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé kó jọ̀ọ́, kó gbé ọwọ́ kúrò. Ó ní òun á kọ́ ilé míì fún un, ilé tí kò ní sí lórí omi. Àdùfẹ́ ò wò ó.

“Ìwọ lo kọ́ mi,” ó ní.

Bí Sàláwù ṣe ń tú nọ́ọ̀tì tó ti dípẹtà láìjẹ́ kó bàjẹ́, bẹ́ẹ̀ ló ṣe tú ìka ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kúrò lẹ́nu páìpù, ìka kan tẹ̀lé ìkejì. Ó dì í mú mọ́ra. Friday yí kọ́kọ́rọ́. Ẹ́ńjìnnì jí lẹ́ẹ̀kan náà, ó fa afẹ́fẹ́ sínú fùù, jíìpù sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀yìn rìn. Ṣéènì le tantan. Òpó iwájú yẹ̀. Ilé tí Sàláwù ti kọ́ ìrìn wó sójú omi, páànù rẹ̀ kọ́kọ́ léfòó díẹ̀, ààrò ẹja sì rì pẹ̀lú iná inú rẹ̀. Philomena ń sunkún lórí pákó ilé tirẹ̀, torí ó ti rí i pé ti òun ló kàn.

Àdùfẹ́ ò sunkún. Ó jókòó lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì bí ẹni tó ń dúró de ẹni tó máa bá a sọ ẹrù kalẹ̀, ó ṣí ọwọ́, ó ń wo òrùka dúdú tí ẹnu páìpù fi sí i ní àtẹ́lẹwọ́. Sàláwù náà ṣí tirẹ̀. Òrùka kan náà ni, ibì kan náà ló wà. Ó na ìka, ó kan ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ọ̀dà rẹ̀ ṣì tutù, ó lẹ̀ mọ́ ọn níka.

Ó kan tirẹ̀. Ó ti gbẹ.