Fèrè Ọjọ́rú

Òṣìṣẹ́ dáàmù kan fi àtàǹpàkò tẹ bọ́tìnnì fèrè ìkìlọ̀, kò sì gbé e kúrò. Igbe fèrè náà ti orí dáàmù sọ̀kalẹ̀ lọ sí etídò, níbi tí òrùlé páànù ìyá rẹ̀ wà láàárín àwọn yòókù. Ojú rẹ̀ wà níbẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò jáde.

Òjò ti ń rọ̀ lókè odò láti ìjẹta, adágún ẹ̀yìn dáàmù sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún dé ẹnu. Bí wọn ò bá ṣí géètì nísinsìnyí kí omi máa lọ díẹ̀díẹ̀, gbogbo rẹ̀ á gba orí dáàmù kọjá lẹ́ẹ̀kan náà, ìlú ńlá tó wà nísàlẹ̀ á sì bómi lọ. Ṣùgbọ́n díẹ̀ yẹn náà tó gbé àwọn ilé etídò lọ.

Ọjọ́rú sì ni. Gbogbo Ọjọ́rú ni wọ́n máa ń dán fèrè wò.

“Gbọ́wọ́ kúrò níbẹ̀ jàre,” ni ọ̀gá rẹ̀ wí lẹ́nu ọ̀nà. “Wọ́n ti gbọ́.”

“Ọjọ́rú ni wọ́n gbọ́, ọ̀gá. Wọn ò gbọ́ omi.”

Ó fi ọwọ́ kejì pe ìyá rẹ̀ lórí fóònù.

“Màámi, ẹ jáde nílé!”

“Mo ti gbọ́ fèrè yín, mo sì ti gbé ìkòkò kaná.” Ìyá rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Fèrè yẹn ni aago rẹ̀. “Àbí o fẹ́ kí n gbé ìkòkò kejì ni? Ní kó dákẹ́, etí ń dùn mí.”

“Tòní kì í ṣe ìdánwò, Màámi. A fẹ́ ṣí géètì!”

Ẹ̀rín tán. Fóònù já.

Láìpẹ́, ó rí ìyá rẹ̀ tó sáré jáde. Kàkà kó gun òkè, ó ń gbá ilẹ̀kùn aládùúgbò kan dé èkejì.

“Omi ò ní dúró de ìyá ẹnì kankan,” ni ọ̀gá rẹ̀ wí pẹ̀lẹ́.

“Ó ku díẹ̀, ọ̀gá. Ẹ jọ̀ọ́.”

Omi adágún kan àmì pupa ewu. Ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Ìyá rẹ̀ ló kọ́ ọ lówe yẹn. Ó wo gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè náà, kò lè mọ èwo ni ìyá rẹ̀ nínú àwọn tó ń gùn ún. Ó gbá ọwọ́ irin tó ń ká géètì sókè mú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí i.

Nírọ̀lẹ́, lẹ́yìn tí omi ti gbé àwọn ilé etídò lọ, òun àti ìyá rẹ̀ jókòó nínú bọ́ọ̀sì tó ń gun afárá ìlú. Títì gbẹ. Àwọn ṣọ́ọ̀bù ṣí sílẹ̀.

“Omíyalé, omíyalé!” ni ọkùnrin kan wí níwájú wọn. “Omi ọ̀hún dà? Àwọn ará dáàmù kàn fẹ́ràn àtimáa dẹ́rù bani.”

Òṣìṣẹ́ náà la ẹnu láti dá a lóhùn. Ìyá rẹ̀ fi ìgbọ̀nwọ́ gún un.

“Fi í sílẹ̀. Ilé tiẹ̀ gbẹ. Ṣé kò dáa bẹ́ẹ̀ ni?”

Ìyá rẹ̀ fa ọwọ́ rẹ̀ mọ́ra, ó ṣí àtẹ́lẹwọ́ tí irin ti bó, ó wò ó títí, ó sì fi etí ìró rẹ̀ tó ṣì tutù wé e. Kò bèèrè bóyá ó ti rí òun lórí òkè kó tó ṣí géètì. Bọ́ọ̀sì ti sọ̀kalẹ̀ lórí afárá kó tó yé ọmọ rẹ̀ pé ìyá òun kò ní bèèrè láéláé.