Díìsì Tuntun fún Ọkọ̀ Aránṣọ

Aránṣọ náà tẹ bíréèkì kanlẹ̀, ọkọ̀ ò dúró. Wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ìyá ọkọ rẹ̀ wà lẹ́yìn pẹ̀lú àpò aṣọ oníbàárà lórí itan, irin sì ń ha irin lábẹ́ wọn bí ẹni ń fi ọ̀bẹ ha ìdí ìkòkò. Nísàlẹ̀ pátápátá, ọkùnrin kan ń ti ọmọlanke sọdá títì, kò tilẹ̀ wo ọ̀dọ̀ wọn.

Aránṣọ já jíà wálẹ̀, ẹ́ńjìnnì ké. Ó fa bíréèkì ọwọ́ tagbáratagbára, ó sì yí orí ọkọ̀ sínú iyanrìn tó wà lẹ́bàá títì. Ọkọ̀ mì jìgìjìgì, ó dúró. Ọlọ́mọlanke ti kọjá, ó ń súfèé lọ.

"Ìyàwó mi, ṣé a ti dé ni?" ni ìyá ọkọ rẹ̀ bi í.

Ọwọ́ aránṣọ ti lẹ̀ mọ́ sítíárìn. Ìyá àgbà ló nawọ́ láti ẹ̀yìn, tó tú ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ó ti pẹ́ tí bíréèkì náà ti ń han bí eku. Mẹkáníìkì wọn, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Má-Mikàn torí pé ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ò ju ìyẹn lọ, ti ní eruku lásán ni. Aránṣọ pè é wá síbẹ̀, ó sì yọ táyà. Páàdì ti jẹ dé egungun. Díìsì, irin róbótó tí páàdì máa ń fún mọ́ra kí ọkọ̀ tó dúró, ti di poro bí oko àgbàdo, etí rẹ̀ sì ti sán.

"Ẹ má mikàn, Àǹtí. Páàdì nìkan la máa pààrọ̀. Màá fi sáńpépà ha díìsì, á dán."

"Bọ̀dá, ibi tó sán ńkọ́?"

"Ibẹ̀ kéré."

"Ibi tó kéré yẹn lẹ̀mí èmi àti Màmá fẹ́ gbà jáde!" Ohùn ara rẹ̀ dẹ́rù bà á. Ó fi àlòkù aṣọ di díìsì náà, ó ní kí wọ́n jọ lọ sí ṣọ́ọ̀bù.

Obìnrin tó ń ta ẹ̀yà ọkọ̀ níbẹ̀ jẹ́ àgbà, awò ojú rẹ̀ rọ̀ sí àyà. Ó to díìsì mẹ́ta sórí tábìlì: tòkunbọ̀ kan, tuntun kan tó fúyẹ́, àti tuntun tí wọ́n fi bébà olóròóró wé. Lójú aránṣọ, ìdérí ìkòkò ni gbogbo wọn. Ẹ̀rù tún bà á. Bí òun bá ṣi aṣọ rán, òun á tú u. Bí òun bá ṣi díìsì yàn níbí, orí òkè ni òun máa tó mọ̀.

"Èwo ni kí n mú, mà?"

Obìnrin náà gbé èyí tó fúyẹ́ lé ti àtijọ́. Fífẹ̀ wọn dọ́gba, ihò ìdè wọn dọ́gba. Aránṣọ mí kanlẹ̀, ó nawọ́ sí i.

"Ẹ ṣì ní sùúrù." Obìnrin náà yí ẹ̀gbẹ́ wọn sókè. "Inú èyí jìn ju tiyín lọ. Wọ́n lè fi tipátipá dè é, àmọ́ páàdì ò ní mú un bó ṣe yẹ."

Díẹ̀ ló kù kí aránṣọ sanwó rẹ̀! Tòkunbọ̀ bá a mu ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti tínrín. "Ó ti fi ayé rẹ̀ sin ẹlòmíì," ni obìnrin náà wí. Èyí tó wà nínú bébà ló kù, ó sì bá a mu rẹ́gí.

"Ká ra ẹyọ kan," ni Má-Mikàn sọ. "Ẹ̀gbẹ́ kejì ṣì dáa."

"Ṣé ẹsẹ̀ kan lo máa ń wọ bàtà sí?" ni obìnrin àgbà náà bi í.

Wọ́n ra méjì, pẹ̀lú páàdì tí èékánná ò lè ha.

Nígbà tí Má-Mikàn dè wọ́n tán, ó ní kí aránṣọ wá gbìyànjú. Ó jókòó, ó ṣáná sí ọkọ̀, ó tẹ bíréèkì. Ẹsẹ̀ rẹ̀ tún lọ kanlẹ̀.

"Ó tún ti lọ! Yéè, ó tún ti lọ!" Ó paná, ó bẹ́ jáde, bàtà kan ṣẹ́ kù sínú ọkọ̀.

Má-Mikàn rẹ́rìn-ín, àmọ́ nígbà tó rí i pé aránṣọ ò fẹ́ sún mọ́ ọkọ̀ mọ́, ẹ̀rín kú sí i lẹ́nu. "Ẹ má bínú, Àǹtí. Èmi ni mi ò sọ. Bí páàdì bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, a máa ń tẹ bíréèkì léraléra kó tó mú." Ó wọlé, ó tẹ̀ ẹ́, ó tẹ̀ ẹ́, títí ó fi le. Aránṣọ fi ẹsẹ̀ kàn án bí ẹni ń dán omi gbígbóná wò. Ó le bí igi.

Lọ́jọ́ kejì, ó dá lọ sí títì pẹrẹsẹ kan, ó ń sáré díẹ̀, ó ń dúró díẹ̀, kí páàdì àti díìsì lè mọwọ́ ara wọn. Awakọ̀ kan fọn fèrè lẹ́yìn rẹ̀: "Ṣé ìgbín lẹ gbé sínú ọkọ̀ ni?" Kò dá a lóhùn. Gbogbo ìgbà tó tẹ̀ ẹ́ ni ọkọ̀ dúró, síbẹ̀ ó tún ń tẹ̀ ẹ́ wò.

Nígbà tó padà délé, tí ìyá ọkọ rẹ̀ gbé àpò aṣọ jáde, aránṣọ ní, "Màmá, ọ̀nà tí ò ní òkè la máa gbà o. Ó jìn."

"Kó jìn," ni ìyá àgbà dáhùn. Iwájú ló jókòó sí lọ́jọ́ náà. Ó fa bẹ́líìtì bọ ara rẹ̀, ó ń wá ihò tó máa tì í bọ̀, kò rí i. Ìgbà náà laránṣọ tó mọ̀ pé ẹ̀rù ń ba ìyá náà bó ṣe ń ba òun. Ó bá a tì í bọ ihò rẹ̀, ó sì wa ọkọ̀ náà jẹ́jẹ́ jáde.