Ó Tó, Ó Tọ́

Àbúrò ìyá mi ló kọ́kọ́ sọ ìtàn yìí fún mi, nígbà tí mo bi í léèrè ìdí tí kì í fi í dúró sẹ́yìn ọkọ̀ kankan mọ́, ìbáà jẹ́ èyí tí wọ́n ti pa.

Ọkọ rẹ̀ ń fi píkọ́ọ̀pù kó ẹrù ilé kíkọ́. Ó so tírélà kékeré kan mọ́ ìdí rẹ̀ fún àwọn ẹrù tó bá gùn ju ọkọ̀ lọ. Kòséwu ni gbogbo èèyàn ń pè é, nítorí kò sí ohun tí o máa sọ fún un tí kò ní dáhùn pé, "Kò séwu." Tó bá fẹ́ fi ẹ̀yìn rìn, àǹtí mi ni ojú rẹ̀ lẹ́yìn. Bí tírélà bá ń bọ̀ tààrà, á kígbe pé, "Ó tọ́!" Bó bá yẹ kó dúró, á ní, "Ó tó!" Ọ̀rọ̀ méjì yìí ni wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ láti ìgbà tí wọ́n ti fẹ́ra.

Lọ́jọ́ náà, irin òrùlé ni wọ́n rù lọ síbi tí wọ́n ti ń kọ́ ilé kan. Ó yọ sẹ́yìn tírélà bí ahọ́n, wọ́n so àkísà pupa mọ́ ṣóńṣó rẹ̀. Sàlẹ́ńsà ọkọ̀ ti já láàárọ̀, ariwo rẹ̀ ń dini létí.

"Bàbá wọn, mi ò gbọ́ ohùn ara mi. Ẹ jẹ́ ká wá nǹkan mìíràn máa sọ."

"Kò séwu. Ohùn tó ń jí gbogbo àdúgbò, ṣé èmi ni mi ò wá ní gbọ́?"

Bíríkìlà kan tó jókòó sórí ògiri ilé náà rẹ́rìn-ín. "Ìyàwó dírẹ́bà, ẹ sọ fún un kó má gbé ilé wa lọ o!"

Ọ̀nà tó wọ ibẹ̀ há. Ògiri wà lápá ọ̀tún, kòtò ìpìlẹ̀ wà lápá òsì, ògiri mìíràn sì dí òpin rẹ̀. Àǹtí mi ń fi ẹ̀yìn rìn, irin ń tẹ̀lé e. "Ó tọ́! Ó tọ́!" Nígbà tí ẹ̀yìn rẹ̀ kan ògiri, ó kígbe pé, "Ó tó!"

Ọkọ̀ ò dúró.

"Ó tó! Ó tó o!"

"Mo gbọ́!" ni Kòséwu dáhùn, ó sì tún tẹ̀ ẹ́ sí i.

Àǹtí mi ní òun mọ̀ pé "Dúró" ló yẹ kí òun wí, àmọ́ ẹ̀rù ti gba ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu òun. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, "Ó tó," ló kù níbẹ̀, òun náà ló sì ń fa ikú bọ̀. Ó rí àkísà pupa náà tó ń gbọ̀n bọ̀ wá síbi àyà rẹ̀. Ó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀; orúnkún rẹ̀ kọ̀, kò ṣeé tẹ̀. Ó dijú.

Gbàù!

Irin kan gún ògiri lábẹ́ abíyá rẹ̀, òmíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí rẹ̀. Bíríkìlà ti fò bọ́ sílẹ̀, ó ń fi ọwọ́ méjèèjì gbá ilẹ̀kùn ọkọ̀.

Kòséwu pa ọkọ̀, ó sọ̀ kalẹ̀. "Ṣebí ìwọ lo ní ó tọ́?"

"Ó tó ni mo wí."

Ó wo irin, ó wo ìyàwó rẹ̀, ó fi ẹ̀rín bò ó. "Kò séwu. Ṣebí kò kàn ọ́? Jẹ́ n fà á síwájú díẹ̀, ká tún un ṣe. Dúró síbẹ̀ yẹn."

Bíríkìlà ò rẹ́rìn-ín mọ́.

Àǹtí mi bọ́ ìbọ̀wọ́ tó fi ń ṣiṣẹ́, ó gbé e lé orí irin.

"Ó tó," ló wí, jẹ́jẹ́.

Orúnkún rẹ̀ wá ṣeé tẹ̀. Ó gba abẹ́ irin jáde, ó rọra gba etí kòtò kọjá tírélà.

"Ìyá wọn! Ìyá wọn, kí ló dé?"

Ó ti dé títì. Kò bojú wẹ̀yìn.